Ẹ yé ka iye ìṣirò inú nóòtù: lẹ́tà sí àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ wa

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni.

Fọ́ọ̀mù tí àwọn alábẹ̀wò máa ń gbé wọ kíláàsì wa ni mò ń wí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ìṣirò, mo sì ti rí oríṣiríṣi rẹ̀: èyí tí wọ́n fi táípù tẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ títí lẹ́tà rẹ̀ fi ṣá, àti ti ìsinsìnyí tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ṣé nóòtì olùkọ́ wà ńlẹ̀? Ṣé ó bá ètò iṣẹ́ sáà mu? Ìṣirò mélòó ni àwọn ọmọ ṣe lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé olùkọ́ ti máàkì wọn? Ohun èlò ìkọ́ni ńkọ́? Mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè pé: ìṣirò tó wà lójú pátákó yìí, kí ló ní kí ọmọ fi orí rẹ̀ ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọjọ́ kan báyìí, mo kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sójú pátákó fún àwọn ọmọ JSS 2. Mo ní: Bàbá kan ní ilẹ̀ tó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100. Àbúrò rẹ̀ ní tiẹ̀, 75 sí 75. Àwọn méjèèjì fẹ́ mọ fẹ́ǹsì yí ilẹ̀ wọn ká. Ta ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀ máa pọ̀ jù? Ta ni ilẹ̀ rẹ̀ tóbi jù? Kí ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wọn. Kò sí ọmọ tí kò tíì gbọ́ kí wọ́n máa ja ìjà ilẹ̀ nílé. Kíá ni wọ́n ti rí i pé fẹ́ǹsì méjèèjì, 300 ẹsẹ̀ bàtà ni. Kíláàsì wá fẹnu kò: fẹ́ǹsì kan náà, ilẹ̀ kan náà. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà tilẹ̀ búra pé kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Mi ò fèsì. Ọmọbìnrin kan tó jókòó létí fèrèsé ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, ló bá ké pé ọ̀kan jẹ́ 5,000, èkejì jẹ́ 5,625. Ariwo sọ. Wọ́n ní ó ṣì í kà. Wọ́n tún un kà. Ẹnì kan wá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀: "Mà, níbo ni 625 yẹn ti wá? Ta ló fi kún un?"

Ibi tí a dé nìyẹn tí alábẹ̀wò fi wọlé. Ó wo pátákó, ó rí ìbéèrè kan. Ó gba nóòtù àwọn ọmọ, ó rí àwòrán àti ìpárẹ́. Ó lo ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ kíláàsì kò tó, ó sì kọjá sí kíláàsì tó tẹ̀ lé tiwa. Ìṣirò ogún ló bá níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dá lórí ilẹ̀ onígun mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, gbogbo rẹ̀ ti gba máàkì. Wọ́n yin olùkọ́ náà. Mi ò bínú sí i, àwa méjèèjì la jọ ń jẹ àgbàdo sísun lábẹ́ máńgòrò. Ṣùgbọ́n ìṣirò ogún yẹn, ẹyọ kan ni: gígùn lọ́nà ìbú. Nọ́ńbà nìkan ló ń yí padà. Ọmọ tó bá ti mọ ìlọ́po lè gba ogún nínú ogún láìmọ ohun tó ń wọ̀n rárá.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti kọ́ nípa Bloom, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìpele ìmọ̀ rẹ̀, láti ìrántí dé ìrònú jíjinlẹ̀, tó jáde ní 1956, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2001. Àwa náà kọ́ ọ. Ohun tí a sì ń fi í ṣe jù ni pé a ń wá ọ̀rọ̀ ìṣe: tí ìbéèrè bá ní "dárúkọ", ó rọrùn, tó bá ní "ṣàlàyé" tàbí "ṣe ìtúpalẹ̀", ó jinlẹ̀. Irọ́ ni. Mo ti rí ọmọ tó "ṣàlàyé" bí a ṣe ń pín ìdá, tó kà á bí ẹni ń ka Orin Dáfídì, tí n kò sì gbọ́dọ̀ yí gbólóhùn kan padà kí ó má baà ṣìnà.

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ ju ti Bloom lọ wá láti Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní QUASAR, Edward Silver ló darí rẹ̀, ilé ìwé àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ní ìgboro ni wọ́n sì ti ṣe é. Mary Kay Stein àti Margaret Smith wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n pín iṣẹ́ ìṣirò inú kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́rin, èmi máa ń pè é ní agbọ̀n mẹ́rin. Agbọ̀n kìíní ni àkọ́sórí: sọ fọ́múlà yìí, ka ìlọ́po méje. Èkejì ni ìlànà láìmọ ìdí: ọmọ mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó ṣe é, ó parí. Ìkẹta ni ìlànà tó so mọ́ ìdí: ọ̀nà kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè tọ̀ ọ́ láìronú nípa ohun tí ọ̀nà náà túmọ̀ sí. Ìkẹrin ni ṣíṣe ìṣirò gan-an: kò sí ọ̀nà tí ẹnì kan ti là sílẹ̀, ọmọ ní láti wá a, kó dán an wò, kó ṣìnà, kó padà.

Ẹ wo ìdá. "Kí ni òfin tí a fi ń sọ ìdá di púpọ̀?" Agbọ̀n kìíní. "Ṣírò 3/4 lọ́nà 2/3." Èkejì. Ẹ wá wo èyí: ẹ gé búrẹ́dì kan sí mẹ́ta ọgbọọgba, ẹ kó méjì nínú rẹ̀, ẹ wá mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin méjì yẹn. Ẹ fi àwòrán hàn pé ìdajì búrẹ́dì gan-an ló wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ tó bá ṣe é á gé ẹ̀là méjèèjì sí méjì méjì, yóò di mẹ́rin, á mú mẹ́ta. Á wá rí i pé tí òun bá gé ẹ̀là kẹta náà bẹ́ẹ̀, mẹ́fà ni gbogbo búrẹ́dì, mẹ́ta sì ni ìdajì mẹ́fà. Agbọ̀n kẹta nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí n gbàgbé: Yorùbá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa. "Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin" ń sọ ohun tó jẹ́. "Three over four" tí a ń pè ní kíláàsì kò sọ nǹkan kan ju pé nọ́ńbà kan gun orí èkejì.

Ohun tó ń tan ojú àwọn alábẹ̀wò jẹ pọ̀, ó sì ń tan tiwa náà. Èkínní ni pé ìṣirò líle kì í ṣe ìṣirò onírònú. Ẹ fún ọmọ ní nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́jọ kó fi pín òmíràn, yóò làágùn, ṣùgbọ́n agbọ̀n kejì ni òógùn náà wà. Orúkọ ọjà náà kò yí nǹkan padà. "Ìyá Rísì ra ọsàn 12 ní ₦150 ìkọ̀ọ̀kan, èló ló san?" Ìlọ́po ni, ẹ ò báà jẹ́ kí Ìyá Rísì wọ aṣọ òkè lọ ra ọsàn rẹ̀. Ìdérí kóòkì, ìṣáná, kíkó ọmọ jọ mẹ́rin mẹ́rin, kò sí èyí tó ń gbé iṣẹ́ láti agbọ̀n kan sí òmíràn. Mo ti rí kíláàsì tí ohun èlò kún tábìlì bí ìpàtẹ ọjọ́ ọjà, tí gbogbo ọmọ sì ń ka ìdérí bí olùkọ́ ṣe ní kí wọ́n kà á, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀: iṣẹ́ kan náà lè wà ní agbọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí ọmọ tó ń ṣe é. Ẹ bi ọmọ Pírámárì 1 pé 7 àti 8 jẹ́ mélòó, tó bá sọ pé "méje àti méje jẹ́ mẹ́rìnlá, ó ku ẹyọ kan", ọmọ yẹn ti ṣe ìṣirò gidi. Ẹ bi ọmọ JSS, ìrántí lásán ni. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè jókòó sí ọ́fíìsì kó wo ìwé iṣẹ́ kó sì mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó.

Èmi kò bú àkọ́sórí o. Ọmọ tí kò mọ ìlọ́po, níbo ni yóò ti ráàyè ronú? Ìyá mi tó ń ta elùbọ́ kò kàwé, ṣùgbọ́n ṣẹ́ńjì rẹ̀ kò ṣìnà rí nítorí ó ti há sí i lórí. Ẹ̀sùn mi ni pé agbọ̀n méjì àkọ́kọ́ ni a ń gbé jókòó láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fọ́ọ̀mù yín sì ń sanwó fún wa láti jókòó síbẹ̀. Ìṣirò ogún ni wọ́n ń kà. Ta ni yóò wá fi ogójì ìṣẹ́jú jẹ lórí ẹyọ kan?

Ibi tó dùn mí jù ni mo dé yìí. Àwọn ará Pittsburgh kò wo ìwé nìkan. Wọ́n wo iṣẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, bí olùkọ́ ṣe gbé e kalẹ̀, àti bí àwọn ọmọ ṣe ṣe é nígbẹ̀yìn. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ tó wọ kíláàsì ní agbọ̀n kẹrin sábà máa ń já bọ́ sí èkejì kí aago tó lù. Iṣẹ́ tó wọlé ní ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ló ń wà. Àti pé ibi tí iṣẹ́ ti dúró lókè dé òpin ni àwọn ọmọ ti jàǹfààní jù. Àwọn olùṣèwádìí mìíràn tún rí irú rẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n fi fídíò ṣe ní kíláàsì kẹjọ ní 1999 ní orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan. Ní Amẹ́ríkà, bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìbéèrè ló ní kí ọmọ so ìmọ̀ pọ̀ mọ́ra. Ní Hong Kong, 13 ni. Ẹ rí i pé ti Amẹ́ríkà pọ̀ ju ti Hong Kong lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ fi parí, ní Hong Kong ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ṣì dúró bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ku ẹyọ kan. Olùkọ́ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọmọ, ó ti bá a ṣe é.

Èmi náà ti ṣe é. Ọdún kan ṣáájú ọjọ́ alábẹ̀wò yẹn, mo gbé ìbéèrè fẹ́ǹsì yìí kan náà lọ sí kíláàsì mìíràn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, gbogbo ilé dákẹ́ wọ̀ọ̀, àyà mi já. Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi yé. Mo kọ fọ́múlà méjèèjì sójú pátákó, mo ní "ó yá, ẹ fi nọ́ńbà sí i." Wọ́n fi sí i. Gbogbo wọn gbà á. Inú mi dùn títí mo fi délé, ìgbà tí mo ń máàkì ni mo rí i pé kò sí ọmọ kan tó yà á lẹ́nu pé ilẹ̀ méjèèjì yàtọ̀. Kí ló fẹ́ yà wọ́n lẹ́nu? Nọ́ńbà méjì ni wọ́n rí. Dídákẹ́ tí mo bẹ̀rù yẹn, ìrònú ni, èmi ni mo pa á.

Tí alábẹ̀wò bá wá wo kíláàsì ọdún yẹn, ìbéèrè tó dára ni yóò rí lójú pátákó. Ìdí nìyẹn tí wíwo nóòtì olùkọ́ kò fi tó. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ fún ilé ìwé, pàápàá ní òpó fún iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó wà nínú òpó yẹn àti ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n lè máà mọ ara wọn rí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Ford Foundation, àjọ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà, ló ná owó sí i, àwọn kan náà tó wá ná owó sí QUASAR lẹ́yìn ogún ọdún, èyí sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: owó kan náà, ọ̀nà méjì, kò sì sí ẹni tó jókòó so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ níbí. Nítorí òǹkà wa fúnra rẹ̀, agbọ̀n kẹta ló wà. Márùndínláàádọ́ta: yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Àádọ́ta: yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta: ogún mẹ́ta. Kí ọmọ tó pe 45 tán, ó ti ṣe ìṣirò mẹ́ta. Kí la wá fi ṣe? A sọ ọ́ di orin. Ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n ń jó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, agbọ̀n kìíní ni a jù ú sí. Mo bi àwọn ọmọ mi lọ́dún tó kọjá pé kí ló dé tí 44 fi ń fara mọ́ ogójì, mẹ́rìnlélógójì, tí 45 fi sá lọ bá àádọ́ta. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi bá àwọn àgbà ilé jà lórí rẹ̀.

Ohun tí mo wá tọrọ kò gba bílíọ̀nù. Ẹ yọ òpó "ìṣirò mélòó" kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Kí alábẹ̀wò mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: agbọ̀n tó wà nígbà tó wọlé, agbọ̀n tó wà nígbà tó jáde, àti ohun tó gbé e sọ̀kalẹ̀ bó bá sọ̀ kalẹ̀. Ṣé olùkọ́ ló gba iṣẹ́ ṣe ni? Ṣé àkókò ni kò tó? Àbí ìdáhùn tó tọ̀nà nìkan ni wọ́n ń wá, tí kò sẹ́ni tó bi ọmọ pé báwo lo ṣe mọ̀? Kíláàsì méjì lójúmọ́ tí wọ́n bá rí báyìí sàn ju mẹ́wàá tí wọ́n fò kọjá lọ. Mo mọ̀ pé epo mọ́tò wọ́n, mo mọ̀ pé àwọn alábẹ̀wò kò pọ̀. Ìdí gan-an tí kò fi yẹ kí wọ́n máa sáré ka nóòtù nìyẹn.

Kó tó di ìgbà yẹn, kí àwọn alábẹ̀wò àti olùkọ́ jọ jókòó. A gbìyànjú rẹ̀ ní yàrá olùkọ́ wa. Mo gé páálí, mo kọ ìbéèrè ìṣirò kọ̀ọ̀kan sí i, méjìdínlógún, mo ní kí á pín wọn sí agbọ̀n mẹ́rin. Mo rò pé ìdajì wákàtí la máa fi ṣe é. Ilẹ̀ ṣú bá wa. Orí ìbéèrè búrẹ́dì ni ìjà pọ̀ sí. Olùkọ́ àgbà kan ní agbọ̀n kejì ni, nítorí òun ti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin. A wò ó. Òótọ́ ni: lọ́wọ́ àwọn ọmọ tiẹ̀, ó ti di èkejì, nítorí ó ti kọ́ wọn ní àwòrán náà bí ẹni kọ́ni ní fọ́múlà. Mi ò tíì kọ́ nǹkan tó tó ìyẹn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìjọba kan tí mo lọ, àti kóòkì àti míìtípáì tí wọ́n pín níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ìdánwò WAEC ń bọ̀ níwájú, pé àwọn ọmọ nílò ìlànà, wọn ò nílò àríyànjiyàn. Mo ti gbọ́ ọ títí. Àwọn ọmọ tó gba ogún nínú ogún ní kíláàsì kejì yẹn, mo kọ́ wọn ní JSS 3. Mo fún wọn ní ilẹ̀ tí igun kan rẹ̀ ti gé, irú èyí tí kò sí nínú fọ́múlà. Ọ̀pọ̀ wọn ń bi mí pé, "Mà, èwo ni gígùn, èwo ni ìbú?"

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, tí ẹ bá ráyè, ẹ dara yín wá. Kí ẹ má sọ fún wa ṣáájú, kí wọ́n má baà kun ilé ìwé ní ọ̀dà nítorí yín. Àga kan wà lẹ́yìn kíláàsì mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, ṣùgbọ́n ó gbani. Àwọn ọmọ náà kò tíì fi ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì yẹn sílẹ̀. Wọ́n ti dán 60 sí 90 wò, wọ́n ti dán 70 sí 80 wò, wọ́n ti gbà pé 75 sí 75 ni ọba wọn. Àfi ọmọ bíríkìlà yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dìde, ó ní tí òun bá mọ fẹ́ǹsì 300 ẹsẹ̀ bàtà náà róbótó bí ẹnu kànga ńkọ́? Èmi ti ṣírò rẹ̀ nílé: ó lé ní 7,100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 tí fẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ 360. Mi ò tíì sọ fún un. Okùn ló ní kí n bá òun wá, mo sì ti rà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan ní JSS